Dígí Oòrùn Bẹyẹrúnká

"Ìyá Sàídì, ẹ wá fọwọ́ kan ibí yìí."

Ìyá Sàídì ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú fìríìjì náà. Bó ṣe kan ìgò abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́, ńṣe ló fa ọwọ́ yọ bí ẹni tí nǹkan ta.

"Yéè! Sísítà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

"Gbogbo rẹ̀ ló lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Sísítà Edith tún fọwọ́ tẹ òkè fìríìjì, níbi tí yìnyín máa ń dì sí. Omi ló bá níbẹ̀. Ó wo igun yàrá, níbi tí àwọn bátìrì ńláńlá tó ń gbé fìríìjì náà ṣiṣẹ́ wà. Iná kékeré tó máa ń ṣẹ́jú lára àpótí wọn ti kú.

Lóde, àwọn ìyá ọlọ́mọ ti kún orí bẹ́ǹṣì. Àwọn tí kò ríbi jókòó fara ti ògiri, ọmọ wà lẹ́yìn wọn. Láti Bẹẹrẹ, láti Ọjà'ba, àní láti Yemetu pàápàá ni wọ́n ti wá sí ilé ìwòsàn kékeré yìí ní Bẹyẹrúnká láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà. Èèyi ló lé wọn wá. Ó ti wọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti mú ọmọ lọ níbẹ̀. Ẹni tó ti ń sá fún abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ ti wá ń du ìlà báyìí.

"Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òjò yìí ló fà á," ni Ìyá Sàídì wí. "Oòrùn ò ràn dáadáa láti ọjọ́ Ẹtì."

"Ẹnjiníà ní bátìrì á gbé e fún ọjọ́ mélòó kan, bí oòrùn ò tilẹ̀ ràn rárá. Ẹ bá mi mú àkàbà wá."

Ìyá Sàídì di ẹsẹ̀ àkàbà mú, Edith sì gùn ún. Ohun tó rí lókè kò kọ́kọ́ yé e. Ojú rẹ̀ ń wá àwọn dígí oòrùn tó máa ń kọ mànà níbẹ̀, páànù tó ti dógùn-ún ló ń rí. Ó ṣẹ́jú. Ó tún wò ó. Kò sí dígí kankan mọ́. Wọ́n ti tú wọn lọ tẹsẹ̀tẹsẹ̀, wáyà nìkan ló ṣẹ́ kù, ó ń fì sọ́tùn-ún fì sósì lára ògiri bí ìrù màlúù.

"Kí lẹ rí, Sísítà?"

Edith tún na ọrùn wò ó. Èyí tó tún yà á lẹ́nu jù ni pé gbogbo ihò tí wọ́n ti yọ nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ọ̀dà dúdú dí. Wọ́n dí i dáadáa, bí ẹni tí kò fẹ́ kí òjò jò wọlé. Irú olè wo ló ń bá ẹni tó jà lólè dí òrùlé?

"Wọ́n ti jí i," ló sọ níkẹyìn. "Ìyá Sàídì, wọ́n ti jí dígí oòrùn wa lọ!"

Igbe tí Ìyá Sàídì fi bọnu ló mú kí àwọn ìyá ọlọ́mọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ká ọwọ́ lérí.

"Wọ́n jí oòrùn?" ni obìnrin kan bèèrè, bíi pé etí rẹ̀ ló ń tàn án jẹ.

Ọdún tó ṣáájú ni ẹnjiníà Adégòkè àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì gbé dígí náà wá. Kí wọ́n tó dé, fìríìjì oníkẹrosíìnì ni wọ́n ń lò, nítorí pé tiransifọ́ọ̀mà àdúgbò ti jóná, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀. Òwú fìríìjì yẹn a máa rú èéfín títí tí àjà yàrá fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọmọ tí wọ́n gbé wá gba abẹ́rẹ́ ikọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ níbẹ̀. Bí kẹrosíìnì bá sì wọ́n, Edith á gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí ilé epo ní Mọ́lété, á tò sórí ìlà tòun taṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n so dígí náà mọ́ òrùlé, Adégòkè dúró níwájú àwọn ìyá, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, èéfín tí gbogbo ayé ń rú sókè, láti ààrò tiwa dé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà lókè òkun, kò ríbi lọ o. Ó ń gbára jọ lókè, ó ń mú ayé gbóná. Ṣé ká wá ní kí ẹni tí kò níná má níná mọ́ láé? Rárá. Gbogbo wa ló yẹ kó níná. Àmọ́ ká wá irú èyí tí kò ní rú èéfín."

Ìyá àgbàlagbà kan ló dá a lóhùn. "Ẹnjiníà, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká rí iná náà ná, ká tó máa ṣọ́ èéfín rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà dọ́ba. Láti ìgbà náà, dígí ọ̀hún kò já wọn kulẹ̀. Ọmọ kan tilẹ̀ ju òkò bà á lọ́jọ́ kan, igun ọ̀kan nínú wọn là bí ẹsẹ̀ adìẹ, síbẹ̀ ó ń ṣiṣẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yìí, Edith da gbogbo abẹ́rẹ́ náà nù níṣojú àwọn ìyá, nítorí abẹ́rẹ́ tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti di omi lásán. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń da ìgò kan tẹ̀ lé òmíràn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

*

Sájẹ́ǹtì tó wà ní tẹ́ṣàn ọlọ́pàá gbọ́rọ̀ Edith dópin, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Dígí tó ń fa oòrùn," ló tún un sọ. "Màdáàmù, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n tú ní àdúgbò yín?"

Edith kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Sàídì ló ran ẹnjiníà lọ́wọ́ níjọ́ tí wọ́n so ó. Ọmọ ìyá tó ń bá wa tọ́jú ilé ìwòsàn ni. Ó ń tún rédíò ṣe ní Bẹẹrẹ. Ó lè bá yín—"

Ohun tó fẹ́ sọ ni pé Sàídì lè bá wọn wá a, pé ibikíbi tó bá ti rí dígí náà á dá a mọ̀. Àmọ́ sájẹ́ǹtì ti yíjú sí kọ́ńsítébù tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, wọ́n ti lọ mú Sàídì láàárín rédíò àwọn oníbàárà rẹ̀, wọ́n sì ti tì í mọ́lé.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Sàídì dé ibi iṣẹ́ bó ṣe máa ń dé. Ó gbálẹ̀. Ó nu bẹ́ǹṣì tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Nígbà tó ṣe tán, ó wá dúró síwájú tábìlì Edith.

"Sísítà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ dárúkọ ọmọ mi."

"Ìyá Sàídì, mo fi Ọlọ́run búra, n kò sọ pé òun ló jí i. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tú ni wọ́n bi mí."

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n tú." Obìnrin náà mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ọwọ́ tó fi bá yín so ó lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n kó ṣẹkẹṣẹkẹ sí."

Edith padà lọ bẹ àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n ní òun ló wá fẹjọ́ sùn, kó jẹ́ kí àwọn ṣiṣẹ́ àwọn. Bí dígí bá jáde, Sàídì náà á jáde.

Dígí kò jáde. Ní kánsù, wọ́n ní àwọn kò lè fún un ní abẹ́rẹ́ tuntun níwọ̀n ìgbà tí kò sí ibi tútù tí yóò kó o sí. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, èèyi ti wọ Bẹyẹrúnká fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ kan wá tó ti wà lórí ìlà ní ọjọ́ Ajé. Ojú ọmọ náà pọ́n kuku, ara rẹ̀ sì ti sú láti iwájú orí dé àyà. Gbogbo ohun tí Edith lè ṣe ni pé ó fi omi tútù nu ún lára, ó ní kí ìyá rẹ̀ máa gbé e lọ sí ọsibítù ní Yemetu. Ìyá náà wo òkè, sí ibi tí dígí máa ń wà.

*

"Jẹun, Ìyá Bùnmi," ni Akínwùmí, ọkọ Edith, wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Ebi kọ́ ló máa yọ Sàídì."

"N kò lè jẹun. Ojú Ìyá Sàídì ni mò ń rí nínú ọbẹ̀."

Akínwùmí nawọ́, ó fi àtàǹpàkò nu omijé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Káfíńtà tó ń kan òrùlé ni, kò sì sí òrùlé kan láti Mápó dé Bẹẹrẹ tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn rí. Láti bí oṣù mélòó kan ni jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ ti wá pọ̀ jù. Ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí àtùpà kẹrosíìnì fi ré lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Olúbùnmi, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Iná ràn mọ́ aṣọ funfun tó wọ̀. Akínwùmí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iná náà. Olúbùnmi kò kú, àmọ́ àpá rẹ̀ wà láti ọrùn dé ìgúnpá, ọmọ náà kì í sì í jókòó mọ́ nínú yàrá tí àtùpà bá ń jó. Inú òkùnkùn ló ti ń jẹun.

"Jẹ́ ká gbàdúrà fún Sàídì," ni Akínwùmí wí.

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. "Olúwa," ni ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n, "ìwọ tí o yọ Pétérù nínú túbú, yọ ọmọ aláìṣẹ̀ yìí. Má jẹ́ kí ìyà tí kì í ṣe tirẹ̀ jẹ ẹ́."

"Àmín," ni Edith wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé, ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. Ó dúpẹ́ nínú ara rẹ̀ pé ọkọ òun jẹ́ ẹni tó mọ ẹ̀dùn ẹlòmíràn.

*

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Ẹ̀bá òkè Mápó ni ilé ìjọsìn aláṣọ funfun náà wà, àwọn ilé tó yí i ká sì ga jù ú lọ, inú rẹ̀ a máa ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Edith jókòó sáàárín àwọn ìyá, láìwọ bàtà, bó ṣe jẹ́ ìṣe wọn. Ó ṣàkíyèsí pé wọn kò tan àtùpà kankan.

Wòlíì Ọláyíwọlá jáde síwájú. Àgbàlagbà ni, ohùn rẹ̀ kì í sì í ga.

"Ẹ̀yin ará," ló wí, "ẹ mọ ohun tí iná àtùpà ṣe fún wa nínú ilé yìí. Ẹ mọ ọmọ tó jó. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi Olúwa léèrè, pé báwo la ó ṣe ríran sin ọ́ láìjẹ́ pé a fi ọmọ wa dá iná. Ó dá wa lóhùn. Arákùnrin wa Akínwùmí kan òrùlé fún òyìnbó kan ní Èkó, òyìnbó náà sì fi ẹ̀rọ kan ta á lọ́rẹ. Kò gbé e lọ sílé ara rẹ̀. Ilé Ọlọ́run ló gbé e wá."

Ó na ọwọ́ sí ògiri, ó tẹ nǹkan kan.

Iná mọ́lẹ̀ lórí pẹpẹ. Ó mọ́lẹ̀ láàárín ìjọ. Ó mọ́lẹ̀ níbi tí àwọn akọrin jókòó sí, láìsí òwú, láìsí èéfín, láìsí òórùn kẹrosíìnì. Gbogbo ìjọ hó yèè. Edith náà hó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ nípa òyìnbó náà rí. Ó wá Olúbùnmi láàárín àwọn akọrin, ó sì rí i tí ọmọ náà gbójú sókè, iná náà ń tàn sí àpá ọrùn rẹ̀, kò sì sá. Ó ń rẹ́rìn-ín. Edith kò rántí ìgbà tó ti rí ẹ̀rín yẹn mọ́.

"Oòrùn ló ń gbé e ṣiṣẹ́!" ni Wòlíì wí láàárín ariwo. "Ọlọ́run tó dá oòrùn ni yóò máa bu epo sí i fún wa!"

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ Edith dúró ní agbede méjì àtẹ́wọ́. Ó yíjú sí ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin. Akínwùmí kò wo iná. Edith ló ń wò.

Ó dìde, ó kọjá láàárín orúnkún àwọn èèyàn, ó bọ́ síta. Ó yí ilé náà po títí tó fi dé ẹ̀yìn, níbi tí òrùlé ti kọjú sí oòrùn. Ó gbójú sókè.

Igun ọ̀kan là bí ẹsẹ̀ adìẹ.

*

"Ìyá Bùnmi." Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Akínwùmí ti sọ̀rọ̀. "Wọ́n ń pè wá síwájú pẹpẹ."

Edith kò yíjú padà. "Ta ló fún yín?"

"O rí Bùnmi. O rí ojú ọmọ yẹn nísinsìnyí."

"Mo bi yín léèrè ọ̀rọ̀."

Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin nínú ilé. Akínwùmí dúró títí tí wọ́n fi kọ ẹsẹ kan parí.

"Èmi ni mo tú u," ló wí. "Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òjò ń rọ̀, ìjọ wà ní ìṣọ́ òru. Mo yọ́ jáde. Abẹ́ pákó ní ṣọ́ọ̀bù mi ni mo kó o pamọ́ sí títí di àná, tí mo so ó mọ́ ibí pẹ̀lú bátìrì tí mo rà."

Edith fọwọ́ ti ògiri. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ èyí tí kò níláárí ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. "Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀dà dí ihò."

"N kò fẹ́ kí òjò pa yín."

Edith wò ó. Ọkùnrin náà kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an ló sọ.

"Mo ti bẹ àwọn oníná títí," ni Akínwùmí tún wí. "Mo ní ká ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n ní epo rẹ̀ nìkan á jẹ ìjọ run, èéfín rẹ̀ á sì tún máa wọlé bá wa. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn yín, mò ń wo iná tí kì í jó èèyàn. Àpótí oògùn ni wọ́n fi í tọ́jú, ọmọ tèmi sì ń jẹun nínú òkùnkùn. Mo ní fìríìjì oníkẹrosíìnì yín ṣì wà níbẹ̀, ẹ ó padà sí i."

"Òwú rẹ̀ ti jó tán. Ibo la ó sì ti rí kẹrosíìnì?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ mọ̀ nípa Sàídì."

Akínwùmí wolẹ̀.

"Ẹ mọ̀ nípa Sàídì! Mò ń sunkún nídìí oúnjẹ, ẹ ń nù mí lójú. Ẹ ní ká kúnlẹ̀. Bàbá Bùnmi, ẹ gbàdúrà fún un! Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́."

"Tọkàntọkàn ni mo fi gbà á," ni Akínwùmí wí, omi sì lé rorò sí i lójú. "Mo ní bí wọn ò bá rí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, wọn á fi í sílẹ̀ fúnra wọn. Lójoojúmọ́ ni mò ń retí pé lónìí ni wọn yóò fi í sílẹ̀."

Edith kò mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ọkùnrin tí òun ti ń bá jí láti ìgbà tí òun ti jẹ́ ọmọge rèé, tí òun mọ bó ṣe ń sín, tí òun mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ogún èèyàn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wọ ilé ara rẹ̀, tó bá ògiri níbi tí ilẹ̀kùn máa ń wà.

Wòlíì Ọláyíwọlá yọ láti ẹ̀gbẹ́ ilé. "Ẹ̀yin òbí Bùnmi, kí ló dé? Gbogbo ìjọ ń dúró."

Ọkọ rẹ̀ ni Edith ń wò. Akínwùmí kọjú sí Wòlíì.

"Bàbá, mo purọ́ fún yín. Kò sí òyìnbó kankan. Ilé ìwòsàn Bẹyẹrúnká ni mo ti jí i."

Wòlíì ṣí fìlà funfun orí rẹ̀. Ó dì í mú níwájú àyà, ó wo òrùlé, ó wo Akínwùmí, ó tún wo òrùlé. "Mo ti yà á sí mímọ́," ló wí, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. "Mo ti gbé e sókè sí Ọlọ́run." Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹ jẹ́ ká parí ìsìn náà ná. Bó bá di ọ̀la, a ó pe àwọn àgbà jọ, a ó—"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Edith wí. "Ọmọ ọlọ́mọ wà lẹ́yìn kańta ọlọ́pàá ní báyìí tí a ń sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú tí a bá fi kọrin lábẹ́ iná yìí, òun ló ń bá wa san án." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Bùnmi, wọ́n bi mí ní orúkọ lọ́jọ́ Ajé, mo dá a. Tí mo bá dé ibẹ̀ lónìí, wọ́n á tún bi mí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá dárúkọ yín."

Akínwùmí lọ sí ojú fèrèsé. Ó wo inú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí Olúbùnmi ti ń kọrin pẹ̀lú ẹnu tó là gbàgà. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹsẹ̀ lásán sọ̀ kalẹ̀ gba ọ̀nà tẹ́ṣàn, kò dúró wo ẹ̀yìn.

*

Ìyá Sàídì jókòó sórí òkúta níwájú tẹ́ṣàn, abọ́ oúnjẹ wà lórí itan rẹ̀. Ó rí ọkùnrin aláṣọ funfun kan tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀ nínú erùpẹ̀, Edith sì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lèyí? Sísítà, kí ni ọkọ yín ń ṣe nílẹ̀?"

"Òun ni," ni Edith wí. "Ìyá Sàídì, òun ló jí i."

Obìnrin náà kò pariwo. Ó ń wo ẹ̀yìn orí Akínwùmí bí ẹni tó ń ka nǹkan níbẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó gbójú sókè. "Ẹ mọ̀?"

"Mo fi Olúbùnmi búra. Òní yìí ni mo mọ̀."

Ìyá Sàídì mí kanlẹ̀. "Ẹ dìde níbẹ̀ yẹn," ló sọ fún Akínwùmí. "Inú ilé ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Kì í ṣe lẹ́sẹ̀ mi."

Akínwùmí dìde, ó wọlé. Kò pẹ́ púpọ̀ tí Sàídì fi jáde. Ó ti rù, irùngbọ̀n ti bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wú. Edith kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀, àgbà obìnrin fún ọmọdékùnrin, tó fi di pé àwọn tó ń kọjá lọ dúró wò wọ́n. Sàídì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gba abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì ń lọ.

*

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn ọkùnrin ìjọ ru dígí oòrùn gba Bẹẹrẹ kọjá lọ sí Bẹyẹrúnká. Wòlíì Ọláyíwọlá fúnra rẹ̀ ru ọ̀kan lórí. Àwọn èèyàn tò sẹ́bàá títì, wọ́n ń wò wọ́n, àwọn mìíràn ń bú wọn. Kò sẹ́ni tó fèsì.

Nígbà tí wọ́n dé, Sàídì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè é. Kò kí Edith. Ó gun òkè, ìyá rẹ̀ di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Edith sún mọ́ wọn láti bá a dì í.

"Ẹ fi sílẹ̀, Sísítà," ni Ìyá Sàídì wí. "Mo ti dì í mú."

Edith padà sẹ́yìn. Wòlíì dúró tì í, ó ń fi aṣọ nu òógùn.

"A ti gbé gbogbo ìsìn alẹ́ wá sí ọ̀sán," ló sọ fún un. "A kò ní tan àtùpà níbẹ̀ mọ́. Ẹ bá wa rí ẹnjiníà yẹn, ẹ bi í bí ìjọ náà ṣe lè rí tirẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́. Bó bá gba ọdún, a ó dúró."

"Màá bi í, Bàbá."

Nígbà tó di ọ̀sán, iná kékeré ara àpótí bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Sàídì sọ̀ kalẹ̀, ó fọ ọwọ́. "Ó di ọ̀la kó tó tutù dáadáa," ló sọ, kò wo ẹnikẹ́ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kánsù ti ṣèlérí pé bó bá ti tutù, abẹ́rẹ́ tuntun á dé.

Edith ti àpótí oògùn. Ó gbé abọ́ oúnjẹ tó fi aṣọ dì láti ilé, ó ń múra àtigbé e lọ fún ọkọ rẹ̀ tí wọ́n tì mọ́lé ní tẹ́ṣàn. Ìyá Sàídì ń fún aṣọ ìnulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí bí Edith ṣe lè jáde láìkọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rọra ń lọ, ó dorí kodò.

"Kí lẹ sè?" ni Ìyá Sàídì bèèrè. Aṣọ tó ń fún ló tẹjú mọ́.

"Ìrẹsì ni. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata."

Omi ń kán tó, tó, láti ara aṣọ náà. Ìyá Sàídì tún un fún, ó sá a sórí ògiri kékeré tó wà níbẹ̀.

"Ata yẹn á yọ ọ́ lẹ́nu," ló wí. "Inú ibẹ̀ gbóná, omi tí wọ́n sì ń bù fún wọn kò tó nǹkan. Ẹ̀kọ tútù ni kẹ́ ẹ gbé lọ."

Edith dúró. Kò mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ ni àbí kí òun kúnlẹ̀, kò sì ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó gbé abọ́ ìrẹsì náà kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó tú owó ìdí aṣọ rẹ̀, ó sì jáde lọ ra ẹ̀kọ.